Akẹ́kọ̀ọ́ Orí Tábìlì

Márùn-ún ni wọ́n, ká má purọ́ mọ́ wọn:
ti tẹlifíṣọ̀n, ti àpótí sátẹ́láìtì,
ti dífídì, ti ẹ̀rọ ohùn tí ń kù bí ààrá,
àti ìkarùn-ún, arúgbó, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí,
tí a fi téèpù dì bí ọmọ tó kán lápá.

Lálaalẹ́ nílé wa ní Hull,
tí òjò odò Humber bá ń ta lu fèrèsé,
ìwákiri á bẹ̀rẹ̀:
abẹ́ tìmùtìmù, ẹ̀yìn irin amúlémóoru,
àpò ẹ̀wù òtútù Morádéùn aya mi,
lẹ́ẹ̀kan, nínú fíríìjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike ọbẹ̀.
“Èwo ló ń gbé ohùn sókè?” “Dúdú yẹn.”
“Dúdú wo? Èwo ni kò dúdú níbẹ̀?”
Ìròyìn á ti tán kí ohùn tó jáde.

Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélógún tún bọ́ọ̀sì ṣe!

Ní Sátidé kan, Morádéùn ti iṣẹ́ òru dé,
ó bọ́ bàtà, ó fẹ́ fi fíìmù pe oorun.
Ó tẹ ọ̀kan: iná pupa ṣẹ́jú.
Ó tẹ èkejì: àwòrán dé, ohùn kọ̀.
Ó tẹ ẹ̀kẹta: ohùn dé, àwòrán lọ.
Ó kó gbogbo wọn lé mi nítan,
kò sọ nǹkan kan.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbéyàwó, ẹ mọ irú ìdákẹ́ yẹn.

Mo bá ra ẹyọ kan, pọ́n-ùn méjìdínlógún.
Wọ́n ní kò mọ ohunkóhun,
ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n kọ́ ọ tí kò ní í mọ̀.

Mo tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì,
mo dojú àgbà kọ ọmọdé,
orí sí orí, bí ẹni tó ń sọ àṣírí,
ìka mẹ́rin láàrin wọn.
Wí, kí n wí tẹ̀lé ọ.
Ohùn sókè. Ohùn sókè.
Ohùn sílẹ̀. Ohùn sílẹ̀.
Dákẹ́.
Iná bíńtín kan tàn: ó ti gbọ́.
Èdè tí etí ò gbọ́, tí ojú ò rí.
Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe kọ́ èdè ìlú yìí
lẹ́nu Dẹ́rẹ́kì ọ̀gá mi, lábẹ́ bọ́ọ̀sì, ọdún tí mo kọ́kọ́ dé.
Ó wí, mo wí; ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀.
N ò mọ ohun tí mo sọ títí dòní,
ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì náà ṣiṣẹ́.

Ó wá ku arúgbó.
Ẹ̀rọ fídíò rẹ̀ ti kúrò nílé láti ọdún mẹ́fà,
èyí tí a fi ń wo kásẹ́ẹ̀tì tí ìyá mi fi ránṣẹ́ láti Ìlá:
ó jókòó, ó tún gèlè ṣe, ó bi ẹni tó ń yà á,
“Ṣé ó ti ń gbà mí báyìí?”
Ibẹ̀ nìkan ni mo máa ń dá a padà sí,
títí àmì fi pa rẹ́ lára bọ́tìnnì náà.
“Kí lo tún fẹ́ kọ́ ọ nínú ìyẹn?” ni Morádéùn wí.
N ò dáhùn. Mo tẹ̀ ẹ́.
Iná bíńtín tàn.

Báyìí, ẹ̀ẹ̀kan ni Morádéùn ń tẹ̀ ẹ́,
àwòrán òun ohùn á jọ wọlé bí ìbejì,
kí orúkọ àwọn òṣèré tó tán, ó ti ń hanrun.

Àmọ́ lánàá, ẹyọ kan ṣoṣo yẹn sọnù.
A tú tìmùtìmù, a tú àpò ẹ̀wù,
gbogbo ilé wá pa rọ́rọ́.
“Márùn-ún la mà ní tẹ́lẹ̀,” ni Morádéùn wí,
ó sì lọ ṣí fíríìjì.