Ṣẹ́ẹ̀tì Mẹ́rìnlá

Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlá ni mo kó sínú báàgì láàárọ̀ yìí.
Irin eléèédú ni mo fi lọ̀ wọ́n,
títí kọ́là fi dúró ṣánṣán bí etí ehoro.
Bí ẹ bá ra méjì, ọ̀kan di ti ọmọ tí kò ní.
Ọ̀rọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Mo kọ ọ́ sára páálí, mo fi òwú so ó mọ́ bọ́tìnnì.

Ní Ayétòrò, Alájà Múṣílíyà fọwọ́ pa aṣọ náà,
ó yí i sódì, ó wo ojú rírán.
Ó ní, "O mọ̀ ọ́n rán o."
Inú mi dùn. N kò mọ̀ pé ìyẹn nìkan ni n ó gbà níbẹ̀.
Ó wo búláòsì mi tó ti ṣá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́:
"Ẹni tó ní òun ó dáṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò."
Alájà, owó ti ọrùn mi ni mo fi ra bọ́tìnnì.
Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni mo dé kí èsì yìí tó dé ẹnu mi.

Ọ̀gbẹ́ni Òṣíbọ́wálé béèrè pé, "Èló ni tèmi níbẹ̀?"
Mo ní igba náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Ó tẹ kálíkúlétọ̀, ó tún un tẹ̀.
"Ti ọmọ tí a kò mọ̀ yẹn ńkọ́, ta ló ń san án?"
"Èmi àti ẹ̀yin ni, sà."
Ó pa kálíkúlétọ̀.
"Ìwọ, ni kó o wí."

Ẹnìkan béèrè ẹgbẹ́ òṣèlú tó rán mi.
Ẹnìkan ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé;
mo ti padà lọ́jọ́ Ajé mẹ́ta,
ọjọ́ Ajé kò tán lọ́rùn ọ̀sẹ̀.
Ọmọkùnrin onígíláàsì ẹ̀gbẹ́ báǹkì
ní aṣọ àánú á ba ojú gíláàsì òun jẹ́.

Aṣọ àánú!
Mo ru ọ̀rọ̀ yẹn dé Òkè-Bálógun, ó wúwo ju báàgì lọ.
Òwú kan náà, abẹ́rẹ́ kan náà,
ìka kan náà ni abẹ́rẹ́ ọ̀hún gún.
Ibo ni àánú gbà wọlé tí ẹ fi ń yínmú sí i?

Ẹ kò mọ Súlè, ọmọ apẹja Ebúté-Àfúyẹ̀.
Tíṣà béèrè ìṣirò, ó mọ ìdáhùn,
mo rí i ní ojú fèrèsé bí ètè rẹ̀ ṣe ń pè é,
kò nawọ́.
Bó bá nawọ́, abíyá ṣẹ́ẹ̀tì á ya dé ìbàdí.
Ẹlòmíràn nawọ́, ó sì ṣì í.

Wọ́n ní ọwọ́ tó ń fúnni ní ń wà lókè.
Tèmi ti wà lókè láti àárọ̀, ó ti ń ro mí.

Létí ọ̀sà, Kàsálì tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe
kò béèrè nǹkan kan. Kò tilẹ̀ ka páálí.
"Kọ́ mẹ́ta sí ibi ìṣó yẹn. Ṣọ́ra fún gírísì."
Mo rẹ́rìn-ín. Ta ní í ra ṣẹ́ẹ̀tì láàárín pílọ́ọ̀gì?

Ìgbà tí mo padà dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ti ta ọ̀kan.
Gírísì ti kan èkejì lápò àyà, ìka márààrún hàn.
Ó ti wọ̀ ọ́, ó fún un lọ́rùn,
ó na owó rẹ̀ sí mi láìwojú mi.

Méjì nìyẹn.
Mo jókòó lórí táyà àlòkù, mo ṣí báàgì,
mo ń wá sáìsì ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
èyí tí abíyá rẹ̀ fẹ̀ dáadáa.