Ọ̀pẹ Tí Kò Lépo

Ọgọ́sàn-án dọ́là ni mo rà á,
ó dúró nínú ike dúdú
bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ní kó dúró sẹ́yìn.
Mo bi ọmọkùnrin tó ń tà á pé, ọ̀pẹ wo nìyí?
Ó ní ọ̀pẹ ayaba ni.
Mo ní, ayaba ìlú wo?
Kò mọ̀. Ó bá mi gbé e sẹ́yìn ọkọ̀,
imọ̀ rẹ̀ yọ jáde lójú fèrèsé,
ó ń juwọ́ sí gbogbo Pearland títí a fi délé.

Ìyá mi pè láti Ifẹ̀tẹ̀dó.
"Ìdì ẹyìn mélòó ló ń so?"
Kò léyìn, Ìyá.
"Wọ́n ń dá ẹmu lórí rẹ̀?"
Wọn kì í dá a.
"Ọwọ̀ ńkọ́?"
Ẹ̀rọ la fi ń gbálẹ̀ níbí.
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ ewúrẹ́ kan tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀.
"Kí wá ni ọ̀pẹ náà ń ṣe níbẹ̀?"
Ó dúró ni.
"Ó dúró."
Ó dúró, Ìyá.

Ọdún mẹ́ta. Mo ń bomi rin ín lálẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn,
díẹ̀díẹ̀, láti ẹnu rọ́bà, kí ilẹ̀ lè ráyè mu ún.
Nígbà tí imọ̀ rẹ̀ ń pọ́n, wọ́n ní ebi irin ló ń pa á.
Mo rẹ́rìn-ín. Irin àti màrìwò,
ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ ara wọn.
N kì í gé imọ̀ tó ṣì tutù lára rẹ̀:
a kì í gba àwo lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹun.

Ní Èrèlé, òtútù sọ̀kalẹ̀ láti àríwá.
Páìpù bẹ́ nílé mẹ́fà ládùúgbò wa. Iná lọ.
Iná lọ, ní Texas, lójú èmi náà!
Mo mú kúbùsù, mo mú àǹkárá aláwọ̀ ọsàn tí n kò wọ̀ mọ́,
mo wé e mọ́ ọn lọ́rùn, mo fi okùn dì í.
Adéyanjú ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì:
"Ọmọ méjì ló ń gbọ̀n nínú ilé."
Mo ní mo mọ̀. Mo ní mo ń bọ̀.
N kò tètè bọ̀.

Nígbà tí yìnyín yọ́, mo fa màrìwò àárín,
wẹ́rẹ́ báyìí, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́.
Ìdí rẹ̀ ti rà, ó ń rùn bí omidùn tí a gbàgbé.

Ẹgbẹ́ onílé kọ̀wé: kí n gé òkú igi náà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́.
Refugio Cantú, aládùúgbò mi, gun àkàbà,
ó da oògùn ojú ọgbẹ́ sínú ihò orí rẹ̀, ó ń hó ṣùṣù.
Ó ní, má gé e,
ọkàn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ju ibi tí o rò lọ.
Ó gba máákà lọ́wọ́ ọmọ mi,
ó fa ìlà kan la kùkùté màrìwò àti imọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.
Bí ìlà yìí bá yà, ó wà láàyè.

Ẹrẹ́nà: ìlà dọ́gba.
Igbe: ìlà dọ́gba. Lẹ́tà kejì dé.
Àwọn àgbà sọ̀rọ̀ màrìwò tó ní òun yóò kan ọ̀run,
wọn kò sọ nǹkan kan fún wa
nípa èyí tí kò lè kan òrùlé.
Ìyá mi kì í béèrè ọmọ mọ́ kó tó béèrè igi.
"Ọ̀pẹ tí kò lépo yẹn, ó ti jí?"

Èbìbí, ọjọ́ Jímọ̀, kí n tó lọ wa bọ́ọ̀sì iléèwé,
mo gun àkàbà pẹ̀lú bàtà òjò lẹ́sẹ̀.
Ìlà náà ti yà.
Apá kan ga ju èkejì lọ,
ìwọ̀n èékánná ọmọdé.
N kò pariwo. Mo fi ìka kàn án.
Mo tún fi ìka kàn án.
Mo pe Ifẹ̀tẹ̀dó látorí àkàbà.
"Ó ti so?"
Kò so, Ìyá.
Ó sún.
Mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹnì kan nínú ilé pé,
"Ẹ gbọ́ o, ó mà sún."