Alẹ́ Tí Ṣógbèsan Wá San Gbèsè

Ọjọ́ kẹrin rèé tí a ti gbọ́ pé wọ́n gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́.
Lánàá wọ́n ní Àtàn ni wọ́n wà.
Lónìí, ẹni tó ti ọ̀nà odò Yemọji dé
kò dúró sọ ibi tí wọ́n dé.
Omi ló béèrè. Ó mu ún lórí ìdúró,
ó gbé igbá wa sórí ìgànná, ó ń lọ.

Ìjàsí dákẹ́. Pòrógun náà dákẹ́.
Àwọn ọkùnrin ti kó ìbọn lọ sétí odò,
ẹ̀tù nínú àdó, ọ̀rọ̀ ńlá lẹ́nu.
Okùbánjọ ẹ̀gbọ́n mi wà nínú wọn;
ẹ̀wù tó wọ̀ lọ, a kò tí ì rán apá òsì rẹ̀ tán.

Wọ́n ní àwọn àjèjì náà ní ìbọn kan
tí kì í dánu dúró gbé itọ́ mì.
Ìyá mi ní irọ́ ni.
Ìgbà tó máa tún un sọ, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀:
"Ohun tó bá lẹ́nu, á gbé itọ́ mì."

Ìgbà náà la gbọ́ gììrì lẹ́yìnkùlé.
Mo rò pé wọ́n ti dé.
Ṣógbèsan ni, ará Molípà, tó ra iyọ̀ láwìn,
tó ti ń gba inú igbó kọjá láti ọdún mẹ́ta
kí ojú rẹ̀ má baà ko ti ìyá mi.
Ọ̀kẹ́ owó ẹyọ kan wà lórí rẹ̀,
ọrùn rẹ̀ ti wọ inú èjìká.
Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ilẹ̀ mì.
"Ẹfúnkọ̀yà, gba owó rẹ.
Bí ìlú bá fọ́ lọ́la, tí mo kú,
n kò fẹ́ kí o sìn mí délé àwọn bàbá mi."

Ìyá mi wo ọ̀kẹ́. Ó wo ẹrù tí a ti dì:
ìkòkò kan, gàrí, aṣọ olónà ìyá rẹ̀,
àti àbúrò mi tí kò tí ì mọ ìrìn.
"Ṣógbèsan, olórí burúkú ni ọ́.
Ọdún mẹ́ta ni mo fi dógò tì ọ́,
nígbà tí mo ní ìsọ̀, tí mo ní ẹni tí í bá mi rù ú,
n kò rí ẹyọ kan ṣoṣo.
Alẹ́ tí mo fẹ́ sá lo wá gbé òkúta kà mí láyà.
Gbé e lọ. Mo fi jì ọ́."

"N kò gbé e lọ."
"Mo ní kí o gbé e lọ!"
Ní Ìjẹ̀bú! Olówó ń sá fún owó,
onígbèsè ń lé e kiri àgbàlá.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.
Àwọn méjèèjì yíjú sí mi.
Ìyá mi náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín,
ó rín in títí ó fi jókòó lé ọ̀kẹ́,
títí mi ò fi mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni mọ́.
Kò dìde.

Nígbà tó yá, ó tú ẹnu àpò.
"A kì í gbowó láìkà á," ló wí.
Nínú òkùnkùn, ọwọ́ ló fi ń mọ̀ ọ́n,
márùn-ún, márùn-ún,
Ṣógbèsan ń pè é, èmi ń gbá a jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.
Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹrù tí a dì.

Àkùkọ kọ lẹ́ẹ̀kan.
Lọ́nà Yemọji, ohun kan dún,
bí ẹni ń da owó ẹyọ sínú agbada,
ó ń dà á, ó ń dà á, agbada kò kún.
A dúró dè é kó gbé itọ́ mì.

Ọwọ́ ìyá mi dúró lófuurufú pẹ̀lú ẹyọ márùn-ún.
"Ibo la dé?"
"Ẹgbàafà," ni Ṣógbèsan wí.
Ó fi márùn-ún náà lé e.