Ohun Tí Mo Fẹ́ Gé Dànù

Fóònù àǹtí mi ni, ojú rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ ọ̀dá.
A fi rọ́bà ìdìwó so ó mọ́ igi ìgbálẹ̀,
a ri igi bọ inú garawa iyanrìn:
ẹsẹ̀ kámẹ́rà wa nìyẹn, ẹ má rẹ́rìn-ín.
Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni tíṣà ní kí fíìmù náà jẹ́.
Ìṣẹ́jú mẹ́ta! Lọ́dọ̀ wa ní Ayépé,
ìkíni àárọ̀ nìkan jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìtàn tí a kọ rèé: ọmọbìnrin kan fẹ́ relé-ẹ̀kọ́ gíga,
ó sọ fún ìyá rẹ̀ nídìí agbada gàrí,
ìyá kò dáhùn.
Ṣẹ̀gilọlá ni ọmọ. Ìyá Ṣẹ̀gi gan-an ni ìyá,
torí òun ló ni àtíbàbà, òun ló ni agbada,
òun ló sì ni ọmọ.

Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó bẹ̀rẹ̀. Iná ọba ti relé àna rẹ̀.
Dékúnlẹ̀ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù tirẹ̀,
ó gbé e sẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì omi funfun,
àfi bí èéfín ṣe gba ìmọ́lẹ̀ mú,
tó nà án tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú lórí òfì.
Èéfín tó ti ń ta wá lójú láti kékeré!
Ta ló mọ̀ pé ẹwà ló ń rù kiri?

"Ẹ tún un ṣe, Mà." Ìyá tún un ṣe.
Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń rin pákí ké lọ́ọ̀ọ́kán,
ó gbé ohùn wa mì.
"Ẹ tún un ṣe."
Ewúrẹ́ Bàbá Ọdúnúgà gba àárín wa kọjá,
kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.
"Ẹ tún un ṣe."
Nígbà ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ, ìyá fi àfọ́kù igbá kan etí agbada:
"Ẹ̀yin ọmọ yìí,
ẹ̀ẹ̀melòó lèèyàn ń dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo?
Ọjọ́ ń lọ."
Ọ̀rọ̀ yẹn kò sí nínú ìwé wa. A fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gànjọ́ niná dé. Èmi ni mo ń gé e,
ìka kan ṣoṣo lórí gíláàsì tó sán:
mo yọ ewúrẹ́, mo yọ ikọ́,
mo rẹ ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.
Ohùn Ṣẹ̀gi, inú kọ́bọ́ọ̀dù la ti tún un gbà,
àwa mẹ́ta há sáàárín aṣọ tó ń rùn káńfọ̀.
Ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn di àkọsílẹ̀
gbọ́ Ìjẹ̀bú ẹnu ìyá, orí rẹ̀ dà rú:
"Ọjọ́ ń lọ" ni ìyá wí, ó kọ "Òjò ń lọ".
Àwa la fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, àmì lórí, àmì nísàlẹ̀.
Ẹ̀rọ gbọ́n, ṣùgbọ́n kò bá wa gbé Ayépé rí.

Àyè wá tán nínú fóònù. Ó ní kí n pa nǹkan rẹ́.
Mo kó àwọn ìrù fídíò jọ,
èyí tó wà láàárín "Ó tó!" àti ìgbà tọ́wọ́ kan bọ́tìnnì.
Mo ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́.
Mo ní kí n wò ó lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá rò pé a ti pa kámẹ́rà.
Ó gbójú sókè lẹ́yìn èéfín, ó wo Ṣẹ̀gilọlá
tó ń ká wáyà, tó ń pàṣẹ fún Dékúnlẹ̀ bí ọ̀gá.
Ó wò ó bí ẹni ń wo ọjà tó ju owó ọwọ́ òun lọ,
tó sì ti pinnu pé òun máa rà á.
Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Gàrí ń jó lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo gé ìparí tí a fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ,
mo gé omijé tí a fi àlùbọ́sà rà,
mo fi àáyá mẹ́rin náà dí àyè rẹ̀.

Lára ògiri kíláàsì la ti wò ó.
Ìyá Ṣẹ̀gi jókòó sórí bẹ́ńṣì ọmọdé, orúnkún dé àyà.
Nígbà tó parí, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, gbogbo wa ń wo ẹnu rẹ̀.
Ó ní, "Gàrí mi jó lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ̀."
Ó dákẹ́, ìdákẹ́ kẹsàn-án.
Ó ní, "Ẹ tún un ṣe."