Ẹ̀ka Tí Mo Jókòó Lé

Aago méjì òru ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní Òkè-Baálẹ̀,
jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́,
ọmọ mi sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí itan mi,
mo sì ń kan ilẹ̀kùn kan tó wà ní Òkè-Fìà
láì dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

Mo kọ orúkọ. Mo kọ ọ̀rọ̀ aṣínà, kò hàn sí èmi gan-an,
bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sínú ìkòkò.
Ó ṣí: ojú dúdú, ìlà funfun kan tó ń ṣẹ́jú,
tó ń retí ohun tí n ó wí.
Kò sí àwòrán níbẹ̀, ọ̀rọ̀ nìkan ni.
Bí o bá ṣì í sọ, swíìṣì á ní òun kò mọ̀ ọ́n;
bí o bá sọ ọ́ re, á ṣe é,
ì báà pa ọ́ lára.

Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò rí èsì fi ránṣẹ́ láti ìrọ̀lẹ́.
Mo kí kọ̀ǹpútà wọn: ẹ kú òru o.
Ìkíni márùn-ún lọ, ìdáhùn kan péré ló bọ̀,
ó pẹ́ lọ́nà bí ọmọ tí a rán níṣẹ́
tó dúró wo bọ́ọ̀lù.
Mo wo pọ́ọ̀tù kẹtàlélógún: àṣìṣe ẹgbàárin, ẹgbàárùn-ún,
wọ́n ń ya bọ̀ bí ìjàlọ.
Mo ní kí n tì í, kí n tún un ṣí,
bóyá ọ̀fun rẹ̀ á là.

Oorun ló tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ọwọ́ mi.
Kẹtàlélógún ló wà lọ́kàn mi, kẹrìnlélógún ni mo kọ.
Kẹrìnlélógún sì ni ọ̀nà tí èmi fúnra mi gbà wọlé.

Ìlà funfun kò ṣẹ́jú mọ́.

Èmi tí mo máa ń fi ẹni tó gé ẹ̀ka tó jókòó lé ṣẹ̀fẹ̀!

Mo pe Bàbá Yékínì, mẹ́gáàdì. Ikọ́ ló fi gbé fóònù.
"Bàbá, àpótí irin kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn sítọ̀ọ̀."
"Eléyìí tó ń kùn bí oyin?"
"Òun ni. Ẹ yọ wáyà iná rẹ̀. Ẹ ka ogún. Ẹ dá a padà."
Mo gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́,
mo gbọ́ oókan, eéjì, títí dé ẹ̀rìnlá,
ló bá dúró lé ológbò kan,
ó tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan.

Àṣẹ tí mo pa, n kò tíì fi pamọ́ sínú ìrántí rẹ̀.
Ìyẹn ló kó mi yọ: ó jí, ó gbàgbé.
Ó gbàgbé àṣìtẹ̀ mi bí ọmọdé ti ń gbàgbé ẹgba àná,
gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ wà bí wọ́n ti wà láàárọ̀.
Mo mọ àwọn tí ǹ bá fẹ́ kí wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi.
N kò ní dárúkọ wọn.

Kẹtàlélógún ṣì ń ṣàìsàn. Ó jọ pé eku ti jẹ wáyà,
kò sì sí àṣẹ tí a ń tẹ̀ tó ń so wáyà.
Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọ̀kadà ni n ó gùn lọ,
pẹ̀lú wáyà tuntun àti àpò iyọ̀ méjì fún ikọ́ Bàbá.

Ó ṣì wà lórí fóònù, ó ń mí.
"Ọmọ mi," ó ní, "ṣé kí n tún un yọ?"