Ẹ̀ta, Èje, Èjì

Aago mẹ́rin ìdájí, fóònù gbọ̀n lórí àpótí.
Àmì ìròpọ̀, ẹ̀ta, èje, èjì,
àwọn nọ́ńbà yòókù tò tẹ̀lé e bí ọmọ iléèwé.
N ò gbé e.
Ẹni tó bá gbọ́ ohun tí ojú Adénrelé aládùúgbò wa rí,
tí ìpè kan ṣoṣo gbọn owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ dànù,
kò ní í gbé e.
Ó tún pè. Mo fa aṣọ borí,
àfi bí ẹni pé ẹ̀rọ náà lójú.

Ilẹ̀ mọ́, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Sápọ́n,
sọ́dọ̀ Mùfútáù tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agboòrùn,
tó ń yẹ inú ẹ̀rọ wò bí ẹni ń wá iná orí.
"Bàbá, Ẹstóníà nìyí."
"Ta ni mo mọ̀ ní Ẹstóníà?"
Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yín tó wà lójú omi ńkọ́?"
Ó ní síìmù arìnrìn-àjò wà,
àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké ló ń ṣe é,
wọn a tà á fún atukọ̀, fún awakọ̀ ọ̀nà jíjìn;
ẹni tó rà á lè má fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ títí ayé,
nọ́ńbà ibẹ̀ ni yóò máa gbé kiri.
Ó ní òmíràn wà, ti Líkítẹ́ńsítáìnì,
orúkọ náà há a léyín lẹ́ẹ̀mejì.

Mo dákẹ́. Líkítẹ́ńsítáìnì kẹ̀?
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣa lẹ́tà nílé ìfìwéránṣẹ́.
Sítáǹbù wọn a máa dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan,
òkè oníyìnyín, òdòdó, ilé olódi,
ó lẹ́wà ju lẹ́tà tó gbé e wá lọ.
Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹ̀lé, a gbé e sójú iná:
"Ìlú tí kò fẹ̀ tó Ọbáfẹ́mi-Owódé!
Ẹ wò ó, bébà ni wọ́n ń tà."
Bébà lánàá, síìmù lónìí.
Kòkó ò hù níbẹ̀, iṣu ò ta;
orúkọ ni wọ́n gbìn.

Mo ní kí Mùfútáù bá mi pè é padà.
Ó wo owó orí káàdì mi, ó mi orí:
"Bàbá, èyí ò tó kí ẹ kí i tán."

Mo ń gun òkè padà sílé, inú ń bí mi.
Ṣóbándé, ọmọ tí mo kọ́ ní orúkọ ara rẹ̀,
ló ń fi orúkọ ìlú onílùú kan ilẹ̀kùn mi.
Àmọ́ nígbà tí mo dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ìyá Múṣínà,
mo dúró, mo mí.
Èmi tí mò ń bínú yìí, ọmọ ibo ni mí?
Ìkìjà.
Mo sọ ọ́ nílé ẹjọ́, mo kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù,
n ò ṣiyèméjì rí.
Ta ló gbé mi dé Ìkìjà?
Ogun ti tú u, igbó ti bò ó
kí bàbá bàbá mi tó hu eyín.
Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n rù sá wá,
wọ́n sọ̀ ọ́ sídìí àpáta, ó di àdúgbò.
Ìjẹùn, Kẹ́ńta, Ìtokò,
gbogbo wa pátá la ń gbé nọ́ńbà ibi tí a ò dé.

Ó pè lóru ọjọ́ kẹta. Mo gbé e.
"Bàbá, mo ti jí yín."
"Níbo lo wà?"
"Lójú omi."
"Omi ibo?"
"N ò mọ̀, Bàbá. Alásè ni mí,
wọn kì í sọ fún alásè."
Ó ń rẹ́rìn-ín, ohùn rẹ̀ ń já bí òwú,
ó bi mí bóyá òjò ti rọ̀,
bóyá wọ́n ti tún afárá Lísàbí ṣe,
ó fẹ́ sọ nǹkan mìíràn,
ìlà gé.

Mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sínú ìwé mi, lábẹ́ Ṣ.
Pẹ́ńsù ni, torí Mùfútáù ní wọ́n lè pààrọ̀ síìmù
bí ọkọ̀ bá dé èbúté mìíràn.
Ní báyìí, orí àyà mi ni fóònù ń sùn.
Ẹ̀ta, èje, èjì.
Kó gbọ̀n.