Ilẹ̀kùn Iyọ̀

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń yọ kíndìnrín ekuté
ní àjà kẹta ilé ìwádìí kan ní Aarhus,
níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń gbá fèrèsé
bí olówó èlé tó wá sin owó.
Akọ nìkan.
“Solvej, akọ nìkan,” ni ọ̀gá mi wí lọ́jọ́ tí mo débẹ̀,
“abo a máa yí padà lọ́jọ́ mẹ́rin-mẹ́rin,
á da iṣẹ́ rú mọ́ wa lọ́wọ́.”
Mo gbà. Ta ni mo jẹ́?
Àwọn abo ń lọ sínú àpò pupa,
èmi ni mo ń so ẹnu àpò náà.

Ìyá mi wà ní Grenaa nígbà náà,
ó ń lo oògùn tó ń mú ni tọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru,
wóró kan láàárọ̀, bíi ti Aksel aládùúgbò rẹ̀
tó tóbi tó ìlọ́po méjì rẹ̀.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ó pè mí ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú,
ó gbé kẹ́tùlù sínú kọ́bọ́ọ̀dù,
ó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù.
Dókítà ní iyọ̀ ló tán nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.
Iyọ̀!
Obìnrin tó fi ogójì ọdún ki ṣàwá bọ inú iyọ̀,
tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Ọ̀rọ̀ náà ìbá parí síbẹ̀
bí kì í bá ṣe Tuuli, ọmọ Finland tó dé lóṣù kejì,
tí kì í bọ́ fìlà, tí kì í tọrọ àṣẹ.
Ó to akọ mẹ́fà, ó to abo mẹ́fà sórí ìwé kan náà,
ó ní kí n wá wò ó.

Mo wọ awò ojú mi.
Ìlà akọ rí fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹsẹ̀ ẹyẹ lórí yìnyín.
Ìlà abo dúdú minimini.
Nínú òpó tín-ín-rín tí ìtọ̀ ń gbà kọjá,
níhà ìsàlẹ̀, ilẹ̀kùn tó ń dá iyọ̀ padà sílé
pọ̀ lára abo ju ti akọ lọ;
òkè lọ́hùn-ún ni akọ ti ń gba púpọ̀ nínú tirẹ̀.
Iṣẹ́ kan náà, ẹnu-ọ̀nà ò sí lójú kan náà.
Ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ yẹn gan-an
ni wóró ìyá mi ń tì.

“Ṣé mo ṣì í ni?” ni Tuuli bi mí.
Mo ní rárá.
Mo ní kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i
kí ẹnu má baà kùn ún.
Mi ò dárúkọ ìyá mi.
Ekuté kì í ṣe ènìyàn, èmi náà kì í ṣe dókítà.

Lálẹ́, ọkọ̀ ìjọba ń fọ́n iyọ̀ sójú títì,
yìnyín ń yọ́ lábẹ́ bàtà mi.
Mo ń ka àwọn abo tí mo ti dà nù.
Mo ka dé ẹgbẹ̀rún kan ó lé díẹ̀,
ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀nà yí padà,
mo gbàgbé ibi tí mo kà á dé.